Gbogbo Wọn Ló Ní Jẹ̀díjẹ̀dí Ni

Kí dókítà kankan tó sọ ohun tó ń ṣe mí fún mi, ènìyàn mẹ́tàdínlógún ti kọ́kọ́ sọ tiwọn. Mo kà wọ́n. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ gbalaja fún ọ̀pọ̀ oṣù yóò rí àyè ka nǹkan. Nínú àwọn mẹ́tàdínlógún náà, mẹ́rìnlá ló ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ẹnì kan ní òtútù ló wọ ilé ọmọ mi, ẹnì kan ní ayé ló ń bá mi jà, ẹnì kan tó kù sì ní ọ̀lẹ ni mí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ ọ́ bó ṣe rí. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ̀yìn tàbí ìgbáròkó ń dùn, tí ẹ sì ti mu àgbo dé igo kejìlá, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù yín lọ. Mo ti ṣe òmùgọ̀ tèmi tán ni.

Ìyá Sìkírá ni wọ́n ń pè mí ní Ajégúnlẹ̀. Ìjọra Bàdíà ni wọ́n bí mi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì sì ni mí kí n tó fẹ́ bàbá Sìkírá, tó jẹ́ mùsùlùmí, tó ń wa tírélà láti Àpápá lọ sí Kánò. Àsìkò Sápù la wà nígbà náà, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí. Owó iṣẹ́ ọkùnrin kan kò bọ́ ilé mọ́, ni mo bá wá iṣẹ́ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road. Bí àpò bá bẹ́ nígbà tí wọ́n ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi, àwa obìnrin la máa ń gbá ohun tó dà sílẹ̀ jọ, a ó rọ ọ́ sínú àpò mìíràn, a ó sì fi abẹ́rẹ́ gbọọrọ àti okùn rán ẹnu rẹ̀ pa. Ìrẹsì ń wá, sìmẹ́ńtì ń wá, ṣùgbọ́n ṣúgà ló pọ̀ jù. Láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la fi ń bẹ̀rẹ̀, ìdí lókè, orí nísàlẹ̀. A kì í jókòó ṣe é, nítorí alábòójútó wa ní ẹni tó bá fẹ́ jókòó, kó lọ jókòó sílé ọkọ rẹ̀.

Ìgbáròkó ọ̀tún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà, mo sì rò pé bí mo ṣe sùn ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó gba ẹ̀yìn lọ, ó sì jókòó síbẹ̀ bí àlejò tí kò mọ ilé lọ. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò ní lè nàró. Bí mo bá nàró, n kò ní fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, ara mi a máa gbóná díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ kò wù mí jẹ, ìró tó máa ń yí mi ká ní ẹ̀ẹ̀kan ààbọ̀ tẹ́lẹ̀ sì wá ń yí mi ká lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fọkàn sí ibi tí mo ti sọ pé ara ń gbóná, tí mo sì ń rù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Èmi kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà náà. Kò sí ẹni tó bi mí, ọ̀rọ̀ ìdí nìkan ni wọ́n ń bi mí.

Ta ni kò mọ jẹ̀díjẹ̀dí nílẹ̀ Yorùbá? Wọ́n ní ohun dídùn ló ń fà á, ìdí ló sì ń mú. Obìnrin kan wá ń kó ṣúgà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó sì ní ìdí ń dun òun. Kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ wádìí? Bí mo bá ti ń tiro bọ̀ lókèèrè ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Sìkírá, ẹ máa rọra lá a o," ni ìyá alágbo tó ń kiri ní òpópónà wa wí. "Ṣúgà yẹn kì í ṣeré."

"Èmi kì í lá ṣúgà," ni mo dá a lóhùn. "N kì í fi sí ẹ̀kọ pàápàá."

"Bí gbogbo wọn ṣe máa ń sọ nìyẹn. Eruku rẹ̀ ńkọ́, ẹ kì í fà á símú ni?"

Báwo lènìyàn ṣe ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn? Mo ra àgbo. Ó korò ju ewúro lọ, ó sì ń lé mi lọ sí ṣálángá lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Mo tún rù sí i. Nígbà tí mo fi bí mo ṣe rù hàn án, inú rẹ̀ dùn. Ó ní jẹ̀díjẹ̀dí náà ló ń jáde yẹn, kí n má jẹ́ kó sinmi, kí n fi igo méjì lé e. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi mu ún, èmi tí mo kàwé mẹ́fà yanjú, tí mo sì mọ̀ dájú pé n kò fẹnu kan ṣúgà.

Ìyá ọkọ mi, tí a jọ ń gbé, kò tilẹ̀ gbà pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. Tirẹ̀ tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sìkírá ti pé ọmọ ọdún méje, kò sì ní àbúrò.

"Òtútù ti wọ ilé ọmọ rẹ," ló wí. "Ibẹ̀ lò ń pè ní ìgbáròkó. Bí o bá ti lóyún báyìí, wàá rí i pé á lọ."

"Màmá, ẹ̀yìn mi lókè níbí ló ń dùn mí jù."

"Ẹ̀yìn àti ilé ọmọ, ta ló la ààlà sí wọn láàárín?"

Ó wá ń gbé mi jókòó sórí ìkòkò ewé gbígbóná ní àràárọ̀, oòru ń rú sókè, mo ń làágùn, ẹ̀yìn ń ro mí. Ìyá tèmi ránṣẹ́ láti Bàdíà pé ayé ló ń bá mi jà, ká gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Ààwẹ̀, fún ẹni tí oúnjẹ kò wù jẹ láti ọjọ́ yìí. Bàbá Sìkírá ní tirẹ̀, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ló máa ń gbà gbọ́. Bó bá ti Kánò dé, tó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò ní ilé ọmọ ni. Bí a bá lọ sí Bàdíà, yóò ní àdúrà ló kù. Bó bá pàdé ìyá alágbo lẹ́nu ọ̀nà, yóò ra igo kan wọlé.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò dá sí ọ̀rọ̀ ìdí mi ni Màmá Ébì, ọmọ Bendel tó máa ń rán àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Oògùn ara ríro ló máa ń fún mi, pé kí n lè fi rìn délé. Nígbà tó di ọjọ́ kan, mo bẹ̀rẹ̀ sórí àpò, n kò sì lè dìde mọ́. Alábòójútó ní ọ̀lẹ ni mí, kí n máa lọ sílé, kí n má padà títí n ó fi lè ṣiṣẹ́. Màmá Ébì ló fà mí dìde.

"Iya Sikira, go hospital," ó wí. "All dis agbo wey you dey drink, e do you well? E no do. So go."

Mo lọ. Ọsibítù ìjọba ni, kí ilẹ̀ tó mọ́ lènìyàn sì gbọ́dọ̀ ti débẹ̀. Bẹ́ǹṣì kò tó, nítorí náà sálúbàtà tàbí bíríkì la fi ń di àyè wa mú lórí ìlà. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn kò lè dúró pẹ́, kò sì lè jókòó pẹ́. Mo fara ti ògiri títí oòrùn fi kàn mí lójú. Nígbà tó kàn mí lórí ìlà, nọ́ọ̀sì tó ń kọ káàdì kò gbójú sókè.

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Ìgbáròkó àti ẹ̀yìn."

"Ìgbáròkó àbí ẹ̀yìn? Ẹ mú ọ̀kan. Àyè tó wà lórí káàdì kò pọ̀."

Mo wo gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn mi. Ojú tì mí láti máa fi àkókò wọn ṣòfò. Ìgbáròkó ló ń jẹ́ kí n tiro, ni mo bá mú ìgbáròkó. Àṣìṣe tó burú jù tí mo ṣe nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ sọ gbogbo ibi tó ń dùn yín, bí nọ́ọ̀sì fẹ́, bí ó kọ̀.

Wọ́n ní kí n lọ ya ẹ́síréè ìgbáròkó. Ọjọ́ àkọ́kọ́, iná lọ. Ọjọ́ kejì, fíìmù tán. Ọjọ́ kẹta, ẹni tó ń yà á ti lọ sìnkú. Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n tó yà á. Dókítà ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fọ́tò náà sójú iná, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá, egungun ìgbáròkó yín dára ju tèmi lọ. Ẹ lọ ra òróró tí wọ́n ń fi pa ara."

Kò ní kí n bọ́ bùbá. Káàdì sọ ìgbáròkó, ìgbáròkó ló sì wò. Nígbà tí mo délé, ìyá ọkọ mi pàtẹ́wọ́. Ó ní dókítà ti wò ó, kò rí nǹkan kan, ṣé mo ti wá gba òun gbọ́ báyìí?

Ohun kan ṣoṣo tó ń tù mí lára lákòókò yẹn ni kí Sìkírá máa gun ẹ̀yìn mi. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe é: àgbà yóò dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ọmọ yóò di ògiri mú, yóò máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ rìn lórí ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo wa la ti ṣe é fún bàbá àti ìyá wa. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, fún odidi oṣù méjì, ọmọ mi ń rìn lórí mi, mo ń mí kanlẹ̀, mo ń ní kó tún tẹ̀ ẹ́ síwájú. Ìgbà tó di ọjọ́ Sátidé kan, ó dúró.

"Màmi, ẹ̀yìn yín ti yọ kókó."

"Tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀."

"Kò ṣe é tẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń yọ̀ lórí ẹ̀."

Ìyá ọkọ mi fọwọ́ kàn án, ó ní eegun ni, ẹran ló tán lára mi tí eegun fi yọ. Màmá Ébì, tó wá kí mi lọ́jọ́ kejì, fọwọ́ kan ibì kan náà.

"Dis one no be as God put am," ó wí. "Your back don bend. Tomorrow, me and you."

Ó pa iṣẹ́ ọjọ́ kan jẹ nítorí mi, ó sì bá mi tò. Dókítà obìnrin kan tó ti dàgbà ló wò mí lọ́tẹ̀ yìí. Màmá Ébì kò jẹ́ kí n yanu. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé bùbá mi sókè. Dókítà náà fi ìka kan tọ eegun ẹ̀yìn mi láti ọrùn wá sísàlẹ̀, ó sì dúró sórí kókó náà.

"Ta ló rí èyí?"

"Ọmọ mi ni, Mà. Ọmọ ọdún méje."

Ó mi orí. Ó bi mí bóyá ara mi ń gbóná ní ìrọ̀lẹ́, bóyá mo ń rù, bóyá oúnjẹ ń wù mí. Ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí nìyẹn láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn tán, ó pè mí jókòó. Ó ní ikọ́ ife ló wọ inú eegun ẹ̀yìn mi, ó ti ń jẹ ẹ́, ọyún rẹ̀ ló sì ń gba inú ṣàn wá sí ìgbáròkó, tó fi ń dùn mí níbi tí eegun rẹ̀ kò ní àbùkù. Ó ní ó ṣe é wò. Ó gba ọdún kan ààbọ̀, n kò sì gbọdọ̀ fo oògùn ọjọ́ kan.

"Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ ẹ̀yìn yìí mọ́," ó wí. "Kò gbọdọ̀ nà án, kò gbọdọ̀ fi nǹkan pa á. Ohun tó ń gbé ẹsẹ̀ yín rìn ló gba àárín eegun yìí kọjá. Bí eegun bá wó lé e, ẹsẹ̀ ti lọ nìyẹn."

Ẹ̀rù bà mí débi pé n kò lè sunkún. Mo rántí gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo ní kí ọmọ mi tún tẹ̀ ẹ́ síwájú. Bí ẹsẹ̀ mi bá kú, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa á.

Ẹ rò pé àríyànjiyàn ti tán nígbà tí mo délé? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

"Ikọ́ ife?" ni ìyá ọkọ mi wí. "Ìgbà wo lo wúkọ́?"

"N kò wúkọ́, Màmá. Inú eegun ló wà."

"Eegun ń wúkọ́?"

Àwọn tí a jọ yálé gbé tí wọ́n gbọ́ kò bìkítà bóyá mo wúkọ́ tàbí n kò wúkọ́. Wọ́n ya ife mi sọ́tọ̀, wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọn má bá Sìkírá ṣeré mọ́. Èyí bí mi nínú ju ìrora lọ. Àwọn kan náà tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ṣúgà ni.

Wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun ti ọsibítù dì mí láti àyà dé ìbàdí, kí ẹ̀yìn má bàa mì. Nínú ooru Ajégúnlẹ̀, ẹ fojú inú wò ó. Ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ tí mo fi ń rán àpò ni mo ń tì bọ inú rẹ̀ láti họ ara. Mo ń gba abẹ́rẹ́ ọsibítù lójoojúmọ́ fún oṣù méjì, oògùn òyìnbó ẹ̀kúnwọ́ ní àràárọ̀. A ta rédíò àti ìbùsùn láti fi ra oògùn, mo sì ń sùn lórí pákó, èyí tí dókítà fẹ́ tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi kò lókun sí i. Ó ń rọ sí i ni. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, n kò lè fa ẹsẹ̀ ọ̀tún láti orí pákó. Dókítà ní ó lè kọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀, kí n dúró. Ó rọrùn fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé rẹ̀ láti sọ.

Ìgbà náà ni ìyá ọkọ mi àti ìyá mi, tí wọn kò fìmọ̀ ṣọ̀kan rí láti ọjọ́ tí a ti sọ Sìkírá lórúkọ, fìmọ̀ ṣọ̀kan. Obìnrin kan wà ní apá Ìjẹ̀bú tó ń na ẹ̀yìn tó bá tẹ̀. Wọ́n á fọ́ sìmẹ́ńtì ara mi, yóò sì nà mí fún ọjọ́ méje. Wọ́n ti yá ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Sìkírá dúró sáàárín yàrá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà lọ́wọ́.

"Oṣù mẹ́rin ti lọ," ni ìyá mi wí, omi sì wà lójú rẹ̀. "Ẹsẹ̀ rẹ ti ń kú lọ. Kí lò ń dúró dè?"

"Oṣù mẹ́rìnlá tó kù, Màámi."

"Bí o kò bá wá rìn mọ́ ńkọ́?"

"Bí mo bá dúró, mo lè rìn, mo lè má rìn. Bí ẹ bá gbé mi lọ, n kò ní rìn mọ́ láéláé."

Ìyá ọkọ mi ní ọmọ òun kò ní fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tọ́jú arọ tó ń ṣe agídí. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn. Bàbá Sìkírá wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyá mi. Mo ti mọ ọkọ mi láti ọdún mẹ́sàn-án.

"Bàbá Sìkírá," mo wí, "àwọn ìyá wa ti sọ tiwọn tán. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn lónìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹlòmíràn tún sọ̀rọ̀. Ẹ lọ dá ọkọ̀ yẹn padà."

Ó jáde, ó sì dá a padà. Nínú gbogbo ọdún tí mo fi pe ìwà rẹ̀ yẹn ní àbùkù, ọjọ́ kan yẹn ni mo dúpẹ́ fún un.

Ìyá ọkọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ ọn: ní àràárọ̀ ọjọ́ márààrún, ó fi kànìnkànìn àti omi gbígbóná nu ẹsẹ̀ mi méjèèjì láìyanu, bó ṣe ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, bó sì ṣe ṣe é dé òpin. Ìfẹ́ wà nínú gbogbo ìyọnu wọn. Ìfẹ́ náà ló fẹ́ sọ mí di arọ.

Ní oṣù keje, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún mi mira. Mo rò pé ojú ń tàn mí, mo pe Sìkírá kó wá wò ó. Ní oṣù kẹwàá, mo dúró, mo di ògiri mú. Nígbà tí ọdún kan ààbọ̀ pé, mo fi ọ̀pá rìn lọ gba oògùn ìkẹyìn, lẹ́yìn náà mo pa ọ̀pá tì.

Ọdún bíi mẹ́fà ti kọjá lórí ìyẹn. Ẹ̀yìn mi tẹ̀ díẹ̀, aṣọ kò sì lè bò ó. N kì í gbé korobá omi. Bí ọyẹ́ bá dé, ìgbáròkó ọ̀tún a máa ránni létí. Mo ń ta okùn àti abẹ́rẹ́ fún àwọn tó ń rán àpò, mo sì ń jókòó tà á. Mo ti bí ọmọkùnrin kan. N kò lè pọ̀n ọ́n, ìyá ọkọ mi ló pọ̀n ọ́n títí ó fi rìn, ó sì ń sọ fún gbogbo ayé pé òun kúkú ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ilé ọmọ ni. Mo ti jọ̀wọ́ ìyẹn fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ará àdúgbò wa kan mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá bá mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Ìgbáròkó ń dùn ún láti oṣù mẹ́rin, ara rẹ̀ ń gbóná ní ìrọ̀lẹ́, ó ti rù. Mo sọ gbogbo ohun tí mo kọ síbí fún wọn, kò ku ẹyọ kan. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni mo sọ. Ó ní àwọn á kọ́kọ́ mu àgbo tó wà nílé tán ná, kó má bàa ṣòfò.

N kò bá a jiyàn. Mo ti ilẹ̀kùn ìsọ̀, mo wọ bàtà, mo ní kí àwọn méjèèjì tẹ̀ lé mi ká lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Inú ń bí mi, mo sì ń rìn bí ẹni tí inú ń bí. A kò tíì dé títì ńlá tí ọmọ náà fi di aṣọ mi mú látẹ̀yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," ó wí, "ẹ rọra. Ẹ ti ń yára jù fún mi."

Mo dúró dè é.